Kọ̀ǹpútà Tí Ojú Rẹ̀ Fọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ dá aṣọ náà fún ńkọ́? Ǹjẹ́ kò yẹ kí a wo ọrùn tirẹ̀ náà, kí a má baà rán aṣọ tí kò ní gba orí rẹ̀ kọjá? Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ìpinnu tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní ìpàdé tó kọjá, pé kí a kó kọ̀ǹpútà àlòkù jọ, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń pè ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá, kí a fi ta àwọn àkàndá ẹ̀dá tó wà láàárín wa lọ́rẹ. Ìpinnu rere ni, èmi náà nawọ́ sókè. Àlàyé tí àsìkò kò jẹ́ kí n ṣe lọ́jọ́ náà ni mo wá ṣe síbí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Haúsá ni mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi gbá bọ́ọ̀lù; Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ìyá mi ló fi ẹgba kọ́ mi. Afọ́jú tí àwa ọmọ àdúgbò sábà máa ń rí ni àwọn tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà kiri, tí wọ́n ń ṣagbe. Bẹ́ẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran ti wà ní Gindiri, ní ìpínlẹ̀ Plateau kan náà yìí, láti ọdún 1953 tí àwọn míṣọ́nnárì ti dá a sílẹ̀.

Ẹni tí èmi pàápàá ń bá gbé yàrá kan náà nísinsìnyí kò ríran. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè wọ́n, nítorí wọ́n fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Èéyi ló gba ojú wọn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá náà tó wọn. Bí mo bá ń ṣe àlàyé tí kò dá èmi fúnra mi lójú, wọ́n á ní, "Àbúrò, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti èmi, etí ni. Tún un sọ."

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ọwọ́ wọn, Braille ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n ń fi irin ṣóńṣó gún sára bébà líle, tí wọ́n sì ń fi ìka kà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí yóò máàkì ìdánwò kò mọ Braille, nítorí náà taipuráítà ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè. Ní ọdún kìíní wọn, wọ́n jókòó ìdánwò kan, wọ́n tẹ ìwé fún wákàtí méjì gbáko. Rìbọ́ọ̀nù ti yọ kúrò ní àyè rẹ̀, wọn kò sì mọ̀, nítorí pé ìró ẹ̀rọ náà kò yí padà. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn rí bébà funfun báláú tó ń jáde, kò wí nǹkan kan. Ó ní òun rò pé Braille ni. Bébà márùn-ún òfìfo ni Ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọdún kan gbáko ni wọ́n sì fi dúró kí wọ́n tó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lójú mi. Kọ̀ǹpútà tó bá ń sọ̀rọ̀ yóò ka lẹ́tà tí ènìyàn tẹ̀ sí i létí, yóò sì tún gbogbo iṣẹ́ náà kà láti òkè délẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: mo ní èyí tó bá ń sọ̀rọ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí Ẹ̀gbọ́n lọ (kì í ṣe Gindiri, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀), ilé-iṣẹ́ kan gbé kọ̀ǹpútà méjìlá wá fún àwọn ọmọ tí kò ríran. Wọ́n pa kánópì, wọ́n pín mínírà, wọ́n ya fọ́tò. Ẹ̀rọ gbàǹgbà-gbàǹgbà tó dàbí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní ohùn, kò sí ètò tí ń kàwé síta nínú wọn, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà. "A fọwọ́ pa á lára," báyìí ni Ẹ̀gbọ́n wí, "ó tutù. Wọ́n ní a ti gba kọ̀ǹpútà."

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọ rẹ̀ jókòó lé lórí, ojú rẹ̀ sì fọ́ yángá. Iye tí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe pè láti fi ojú tuntun sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọn ó fi ra àlòkù mìíràn, ló bá fẹ́ sọ ọ́ nù. Mo gbé e dé yàrá, mo ń ráhùn lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ojú rẹ̀ ló fọ́. Ṣé ẹnu rẹ̀ fọ́?" Ẹnu rẹ̀ kò fọ́. A fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n alájọgbé wa kan títí a fi parí ètò inú rẹ̀, a sì tú wáyà. Láti ọjọ́ náà, òun ni wọ́n ń lò.

Ètò tí a fi sí i ń jẹ́ NVDA. Àwọn ará Australia méjì, Michael Curran àti James Teh, tí àwọn méjèèjì kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Èyí tó ti wà ṣáájú rẹ̀, JAWS, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni owó rẹ̀ fi wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ta ni yóò ra ìyẹn nínú wa? Bí NVDA bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, a ó tẹ Ctrl àti Alt àti N pọ̀, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti mú kí ohùn náà yára débi pé bí ẹni ń da àgbàdo sínú páànù ni mo máa ń gbọ́ ọ, wọn kì í sì í pàdánù ọ̀rọ̀ kan.

Nítorí náà, bí a bá ń yẹ ẹrù wò fún ẹni tí kò ríran, ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ má béèrè máòsì, nítorí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ohùn ni kí ẹ dán wò, àti ihò íápíìsì, nítorí pé etí kan ni wọ́n ń fi gbọ́ kọ̀ǹpútà ní kíláàsì, tí èkejì ń gbọ́ olùkọ́. Bọ́tìnnì Insert àti Caps Lock kò gbọdọ̀ kú, wọ́n wà lára àwọn tí NVDA fi ń gba àṣẹ. Ẹ fọwọ́ pa F àti J, bóyá ìlà kékeré tó yọ sókè lára wọn kò tíì pa rẹ́. Ibẹ̀ ni ìka ti ń mọ ilé. Bátìrì pẹ̀lú, ẹ kúkú mọ iná ìlú wa. Èyí tí ohùn rẹ̀ ti kú pátápátá, ẹ gbé e fún adití tó lè kàwé, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Ẹni tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹ fi hàn án pé bí ó bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀márùn-ún, Windows yóò bi í bóyá kí òun jẹ́ kó máa tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan dípò kó tẹ̀ wọ́n pọ̀.

Àsìkò yìí dára láti tọrọ, nítorí pé Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sì ń pààrọ̀ ẹ̀rọ tí kò lè gba Windows 11. Àwọn tó gbọ́ Linux láàárín wa lè fi í sórí irú wọn; ètò kan ń jẹ́ Orca tó ń kàwé síta wà fún un. Ṣùgbọ́n kí a má sọ ara wa di ààtàn. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí jáde lórí Èkó, pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ẹrù ẹ̀rọ àlòkù ń wọlé lóṣooṣù, àti pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kò ṣeé lò mọ́. Àlòkù yàtọ̀ sí pàǹtí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì dùn mí jù. Háńdáòtù tí olùkọ́ yà ní fọ́tò kò ní ọ̀rọ̀ nínú lójú NVDA, àwòrán lásán ni, àfi kí ènìyàn kọ́kọ́ pàṣẹ kí ó yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àṣìṣe sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Òfin tí Ààrẹ àná, olóògbé Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ti ka yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá wa tẹ háńdáòtù. Àwa la lè tẹ̀ ẹ́. Yorùbá tún wá burú jù, nítorí ohùn Òyìnbó ni kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n ń fi kà á: ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sílé, ìkan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, èmi ni mo máa ń kà á sí Ẹ̀gbọ́n létí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dán ju tèmi lọ lè wá gbà á ṣe, kí a gbà á sórí fóònù fún wọn.

Mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí. Ọ̀kan kò ní ojú, ohùn rẹ̀ dún kooro, wọ́n ti pín in fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ọdún kejì. Ọ̀kan pé pérépéré, ṣùgbọ́n ẹni tó fún wa kò tíì pa àwọn fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ nu tiyín mọ́ kí ẹ tó gbé e wá. Ẹ̀kẹta kò ní ṣájà. HP ni, ẹnu rẹ̀ tínrín, aláwọ̀ búlúù nínú.