Ìwé Òfin Tó Sọ Ọ̀mùtí Di Akápò

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1840, ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n jọ máa ń mutí ní ilé ọtí kan nílùú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́. Télọ̀ wà nínú wọn, káfíńtà wà níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ jẹ́ méjì, ọ̀kan ń kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ọ̀kan sì ń fi fàdákà bo irin. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọtí kò ní kan ẹnu àwọn mọ́, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ wọn ní Washingtonian. Ohun tí wọ́n ń ṣe nípàdé kò ju kí ọ̀mùtí dìde, kó sọ bí ọtí ṣe ba ayé òun jẹ́ àti bí òun ṣe bọ́. Èrò wọ́ tìrítìrí lọ gbọ́ wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀jẹ́. Síbẹ̀, kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ẹgbẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbà mí lọ́kàn. Ẹkún tí ọ̀mùtí sun níwájú èrò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yà kí i nílé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òùngbẹ bá dé, tí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ sì ń kanlẹ̀kùn? Ìtara ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òfin tó lè dì í mú kò tó nǹkan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àwọn mìíràn rí àléébù yìí ní kíá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, ọkùnrin 16 pàdé ní Division Street nílùú New York, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Sons of Temperance sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn ń wá: kí wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ ọtí, kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà àìsàn, kí ìwà wọn sì yẹ ọmọlúwàbí. Wọ́n kọ òfin sílẹ̀, wọ́n ń dá sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń ti ìlẹ̀kùn bí wọ́n bá ń ṣèpàdé.

Ètò àwọn olóyè wọn ló wù mí jù. Worthy Patriarch ni wọ́n ń pe alága, igbákejì rẹ̀ ń jẹ́ Worthy Associate. Akọ̀wé tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ wà lọ́tọ̀, akọ̀wé owó wà lọ́tọ̀, akápò náà sì wà lọ́tọ̀. Akọ̀wé owó ló ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé e sùn: akápò ni yóò kó o fún. Akápò ń tọ́jú owó, ṣùgbọ́n ìwé tó máa tú àṣírí rẹ̀ bó bá jí i, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Olùṣọ́ kan dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn níta, èkejì dúró nínú, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí lẹ́nu ẹni tó ń wọlé. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ kò sì ní rí i gbà.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta náà ni wọ́n ń dìbò yan olóyè tuntun. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó jẹ alága ní oṣù Kìíní lè di ọmọ ẹgbẹ́ lásán ní oṣù Kẹrin. Akọ̀wé kò tíì mọ ìwé dójú àmì tí wọ́n ti ń wá ẹlòmíràn. Àwọn kan lè pe ìyẹn ní ìfàkókòṣòfò, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìwòsàn wà. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń fi owó oúnjẹ pamọ́ fún, tí ọ̀gá rẹ̀ kò fọkàn tán, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dìbò fún pé kó wá tọ́jú owó gbogbo wọn. Bí kò bá kàn án nísinsìnyí, ó lè kàn án ní oṣù mẹ́ta sí i. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìdìbò ń bọ̀ yóò ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé, bọ́ọ̀lù kéékèèké funfun àti dúdú ni wọ́n ń jù sínú àpótí. Bí dúdú bá pọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin sọ, ẹni náà kò wọlé, kò sì ní mọ ẹni tó kọ òun. Ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé bí òun bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ á bẹ òun wò, bí òun bá sì kú, ẹgbẹ́ á gbé owó ìsìnkú kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yẹn kan náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn mìíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1852, Susan B. Anthony, obìnrin kan tó ń bá ọtí jà, dìde láti sọ̀rọ̀ níbi àpérò Sons of Temperance nílùú Albany. Wọ́n ní àwọn kò pe obìnrin wá sọ̀rọ̀, kó jókòó kó gbọ́. Ó jáde. Kó tó di ìparí oṣù Kẹrin, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní Rochester, Elizabeth Cady Stanton sì ni alága.

Ẹgbẹ́ Good Templars, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Utica ní 1851 láti bá ọtí jà bákan náà, sàn ju ìyẹn lọ. Obìnrin ń dìbò níbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ oyè, nígbà tó jẹ́ pé 1920 ni òfin Amẹ́ríkà tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ ìdìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ bá àwọn náà. Àwọn ẹ̀ka ní gúúsù Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá wọn jókòó, nítorí náà ni Joseph Malins, aṣáájú ẹgbẹ́ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ará Bìrìtìkó mìíràn ṣe kúrò níbi ìpàdé ní Louisville ní 1876. Ẹgbẹ́ náà pín sí méjì títí di 1887.

Àwọn tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ kò jókòó sunkún. William Washington Browne, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Georgia, mú irú ètò yìí kan náà, olóyè, owó ẹgbẹ́, owó ìsìnkú, ó sì fi gbé ẹgbẹ́ True Reformers kalẹ̀ ní Richmond ní 1881. Tọkùnrin tobìnrin ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣètò fún àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Ní 1888 wọ́n gba ìwé àṣẹ báńkì, báńkì náà sì ṣílẹ̀kùn ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Báńkì náà wó ní 1910, èyí sì dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí òbí wọn jẹ́ ẹrú ní ibi tí wọ́n lè tọ́jú owó sí lábẹ́ orúkọ ara wọn.

Ìdìbò oṣù mẹ́ta mẹ́ta yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn, nítorí mo ti rí ẹgbẹ́ nílẹ̀ wa tí alága ti pẹ́ lórí àga débi pé kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n dìbò kẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé òun náà ló ń tọ́jú ìwé owó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ lónìí, ì báà jẹ́ ti ọmọ ìlú, ti oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bèèrè ìwé òfin yín. Ẹ wo ọjọ́ tó ní kí ìdìbò wáyé. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nípàdé tó ń bọ̀.