Ìpanu Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Ìwé

Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè Yorùbá tí a lè fi túmọ̀ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pudding. Mo ti wò ó síwá, mo ti wò ó sẹ́yìn. Bí a bá pè é ní àkàrà òyìnbó, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ń yan. Bí a bá sì pè é ní ìpanu, a ṣì í pè, nítorí pé orí tábìlì ni àwọn tí ó ni ín ti ń jẹ ẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ ẹran àti ànàmọ́ tán. Ohun dídùn tí a fi ń kádìí oúnjẹ ni. Ní tiwa, omi ni a fi ń kádìí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá jẹ àmàlà tán, tí ó mu omi, tí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rò ó, ó parí. Ohun dídùn ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀: ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà oko, ìdí ọjà, àti, fún àwa tí a lọ sí ilé-ìwé, ẹnu ọ̀nà ọgbà nígbà tí agogo ìsinmi bá lù.

Mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé àárò ìpanu ìgbà èwe ń sọ àwọn ẹgbẹ́ mi gidigidi. Bí àwa ọmọ Ìbàràpá bá pàdé níbi òkú àgbà tàbí níbi ìgbéyàwó, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, a kì í sọ̀rọ̀ ìjọba àti owó epo pẹ́ kí a tó bọ́ sórí róbó, àádùn, kókóró àti baba dúdú. Ojú àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì a tàn yòò bí ojú ọmọ ọdún méje. Ẹnì kan a ní kò tún sí ohun tí ó dùn tó o mọ́ láyé. Gbogbo wa a ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni a ó yíjú sí ìrẹsì tí wọ́n gbé kalẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ irú àárò yìí. Ní ọdún 2009, mo lo oṣù mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù fún iṣẹ́ ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tí a jọ ń jẹun ọ̀sán kò ní ohun tí ó fẹ́ràn láti máa sọ ju oúnjẹ ilé-ìwé rẹ̀ lọ. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1944 ni ó sọ ọ́ di dandan fún àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ láti pèsè oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, oúnjẹ náà kò sì pé lójú wọn bí pudding kò bá tẹ̀ lé e. Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ ṣúgà di ohun tí ìjọba ń wọ̀n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1953 ni wọ́n tó dẹ okùn rẹ̀. Ta ni yóò dàgbà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ tí yóò gbàgbé àkàrà òyìnbó gbígbóná tí wọ́n da omi ṣúgà lé lórí? Ó ka oríṣiríṣi fún mi: èyí tí wọ́n fi àjàrà gbígbẹ há nínú, èyí tí wọ́n fi jáàmù pa lára tí wọ́n sì ká bí ẹní, ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà sè, àti tapioca, tí ó máa ń rí rogodo-rogodo nínú wàrà, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pè é ní ẹyin ọ̀pọ̀lọ́.

Ibi tí ó dé orí tapioca ni mo ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gẹ́ ni! Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe láfún àti gàrí ní Ìbàràpá ni wọ́n yọ ìyẹ̀fun rẹ̀, tí wọ́n ṣe é ní hóró wẹ́wẹ́, tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wá ń yínmú sí nínú àwo. Kọ́sítáàdì tí wọ́n ń dà lé gbogbo rẹ̀ lórí ńkọ́? Àgbàdo ni. Apòògùn kan ní ìlú Birmingham, Alfred Bird, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1837. Ẹyin ni wọ́n fi ń ṣe kọ́sítáàdì kí ó tó dìgbà náà, ẹyin kò sì bá ara ìyàwó rẹ̀ mu, ni ó bá fi ìyẹ̀fun àgbàdo rọ́pò rẹ̀. Bí a bá mú àwọ̀ òféèfèé àti òórùn dídùn kúrò lára èyí tí a ń rà nínú agolo, tí a sì rántí pé tiwa ni a máa ń rẹ sómi títí yóò fi kan, ọmọ ìyá ni kọ́sítáàdì àti ògì.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé àwọn kan kò fi àárò náà mọ sí ẹnu lásán. Ní ọdún 1985, ní ilé ìtura kan ní abúlé Mickleton ní Gloucestershire, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pudding Club, kí àwọn oúnjẹ wọ̀nyí má baà parun. Oríṣi méje ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ ní ìjókòó kan. Àwọn tí ó wá jẹ ẹ́ a sì sanwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ owó yìí sọ́kàn.

Nígbà tí kọ́sítáàdì dé ọ̀dọ̀ tiwa, kò mú pudding kankan lọ́wọ́ wá. Òun nìkan ni ó dé, a sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ, a ń fi àkàrà mu ún. Ní ilé wa ní Igbó-Ọrà, orí pẹpẹ ni agolo rẹ̀ ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà onígun. Àlejò pàtàkì tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni a ń pò ó fún. Ẹ̀kọ òyìnbó ni àwọn ìyá wa ń pè é. Nígbà tí mo wá rí i ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n dà á sórí kéèkì bí ìgbà tí ènìyàn bu ọbẹ̀ sórí àmàlà, ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ń fi oúnjẹ ṣeré.

Ọdún 1982, tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, ni mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Èrúwà. Wọ́n kọ́ àwa ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. A kọ́ kọ́sítáàdì, a kọ́ kéèkì, a kọ́ bí a ṣe ń fi ẹyin àti wàrà yan búrẹ́dì tí ó ti le. Gbogbo rẹ̀ ni a kọ sínú ìwé, ẹ̀kún ṣíbí mélòó, ìṣẹ́jú mélòó. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí wọ́n ní ààrò ìyankéèkì nílé rẹ̀. Iyanrìn ni a dà sínú ìkòkò, tí a gbé agolo lé e, kéèkì wa sì jinná. N kò ní bú ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ó wúlò. Ṣùgbọ́n róbó kò sí nínú ìwé wa, àádùn kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìdí. Nígbà tí ó di ọdún 1984, tí ọjà dojú rú, tí wàrà àti ṣúgà di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún, agolo kọ́sítáàdì pòórá lórí pẹpẹ wa. Àwọn tí ń ta róbó kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Igbó-Ọrà kò ní yàrá ìjẹun. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ sì pọ̀ bí eéṣú. Abẹ́ igi òdán ní ẹnu ọ̀nà ni yàrá ìjẹun wa. Ẹlẹ́kọ ń bẹ níbẹ̀, onímọ́ínmọ́ín ń bẹ níbẹ̀, obìnrin Fúlàní a sì gbé igbá wàrà kalẹ̀ sí apá kan. Ẹni tí ó bá ní kọ́bọ̀ kan, ọba ni. Àádùn ni ọmọ tí ebi ń pa ń rà: àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi epo pupa, iyọ̀ àti ata díẹ̀ pò, tí wọ́n sì fi ewé dì. Ẹ kíyè sí i pé iyọ̀ àti ata wà nínú ohun tí a sọ ní àádùn, tí ọ̀pọ̀ ìdílé tún fi ń sọmọ lórúkọ kí ayé ọmọ náà lè dùn. Adùn tiwa kò dúró lórí ṣúgà. Ọbẹ̀ a máa dùn, orin a máa dùn, iyọ̀ a máa dùn. Ìdí mìíràn rèé tí pudding kò fi rí ilé gbé nínú èdè wa.

Róbó ni olórí gbogbo wọn. Ó ṣe róbótó, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, ó sì le. Kò sí ọmọ tí ó lè jí róbó jẹ nínú kíláàsì, nítorí pé ariwo rẹ̀ láàárín eyín ni yóò tú u fó. Ata rẹ̀ kì í kọ́kọ́ ta. Ó di ìgbà tí ẹ̀gúsí náà bá yọ́ lẹ́nu tán.

Ẹ̀gúsí ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀gúsí sì ni Ìbàràpá. Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà àti Lánlátẹ̀, láti Ìdèrè dé Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, kò sí èyí tí wọn kì í gbìn ín. Àwọn ìtàn kan tilẹ̀ so orúkọ Ìbàràpá mọ́ bàrà, ìtàkùn ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀gúsí nínú ọbẹ̀ nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n. A ó kó bàrà jọ lóko, a ó fọ́ ọ, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó rà. Òórùn rẹ̀ nígbà náà kò ṣeé fẹnu sọ. A ó fọ hóró inú rẹ̀, a ó sá a gbẹ, a ó wá jókòó bó o, hóró kọ̀ọ̀kan, títí èékánná yóò fi máa ro ni. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ róbó tó bẹ̀rẹ̀: lílọ̀ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, gígún àti pípò títí òróró yóò fi máa jáde lára rẹ̀, fífún òróró náà kúrò, ṣíṣù ú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó wá dín in nínú òróró ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó ń ta róbó ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa. Ìyá Oníróbó ni gbogbo ọmọ ń pè é. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún báyìí, ó ti fi róbó sílẹ̀ tipẹ́, ẹ̀gúsí bíbó nìkan ni ó ń tà. Nígbà tí mo lọ kí i láìpẹ́ yìí, mo sọ fún un pé ó yẹ kí a wá nǹkan ṣe kí róbó má baà parun. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì rò pé inú rẹ̀ yóò dùn.

“Táyé,” ni ó wí. (Ní Igbó-Ọrà, ẹni tí ó bá kígbe Táyé lójú títì, kì í ṣe ẹnì kan ni yóò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wà níwájú rẹ̀.) “Táyé, ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ́ ni ó dùn mọ́ lẹ́nu. Ṣé ìwọ ti gún un rí?”

Mo ní rárá, Màmá.

“Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Gbogbo wọn ni mo fi róbó rán níwèé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo kọ́ ní róbó. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má kọ́ wọn ni.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ní kí n wo oríkèé wọn.

Mo rántí ètò tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ní 2012, tí ìjọba àpapọ̀ náà sì dáwọ́ lé ní 2016, láti máa fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ kan lóòjọ́, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Mo sọ fún un pé bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá tún fẹsẹ̀ múlẹ̀, róbó lè wà lára rẹ̀. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ná lórí ọmọ kan. Mo ní ₦70 ni ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀gúsí ni wọn yóò fún wọn jẹ, àbí èèpo rẹ̀?”

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣàárò róbó níbi ìnáwó, n kì í lè bá wọn mi orí mọ́. Owó tí ẹnì kan nínú wọn ná lórí ọtí lọ́jọ́ náà yóò san owó ọ̀sẹ̀ kan fún obìnrin méjì tí yóò bá a gún róbó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń lọ sí Mickleton ń sanwó adùn wọn. Àwa fẹ́ kí tiwa wà ní kọ́bọ̀ kan títí ayé, kí ẹlòmíràn sì máa fi oríkèé ọwọ́ rẹ̀ san ìyókù. Ìyá kan tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dá iṣẹ́ dúró lórí ara rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ba àṣà jẹ́. Ó ti ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé owó rẹ̀ kò pé.

Síbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ti kọ kọ́sítáàdì sílẹ̀ fún wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú bíírò. Mo béèrè pé ìwọ̀n iyọ̀ mélòó. Ó ní títí yóò fi tó. Mo béèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ni a ó fi gún un. Ó ní títí òróró yóò fi jáde. Mo ní báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé òróró náà ti jáde tó? Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀, ó ní èyí kò ṣeé kọ, kí n padà wá ní ọjọ́ ọjà tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, kí n sì má gbàgbé láti mú ẹ̀gúsí tèmi dání, nítorí pé tirẹ̀, títà ni ó wà fún.