Ọ̀yọ́ Kọ́ Ni Olú-ìlú Ọ̀yọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń múra ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama. Wọ́n bi í léèrè olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó kọ "Ọ̀yọ́" sílẹ̀, olùkọ́ sì fi bírò pupa fagi lé e. Nínú ilé wa ní Ọ̀yọ́ ló ti bi mí, omi lójú rẹ̀: "Àǹtí, Kánò ni olú-ìlú Kánò, Sókótó ni ti Sókótó. Kí ni Ọ̀yọ́ ṣe?"

Mo mú un lọ sí iwájú ààfin, nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Mo sọ fún un pé ìlú yìí ni Aláàfin Àtìbà fi ṣe Ọ̀yọ́ tuntun ní àwọn ọdún 1830, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ìlú ọba ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, orúkọ nìkan ni wọ́n mú lọ́dọ̀ wa. Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ti wà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú.

Lọ́jọ́ kejì, a wọkọ̀ lọ kí ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àjọkẹ́ mi, nígbà tí mo wà nílé ìwé, mẹ́ta péré la kọ́ sórí: Kàdúná fún Àríwá, Enúgù fún Ìlà-Oòrùn, Ìbàdàn fún Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí mo máa fi bí ìyá Àǹtí rẹ, wọ́n ti di méjìlá."

A mú ìwé, a kọ ọ́ sílẹ̀: ìpínlẹ̀ 12 ní ọdún 1967, 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, nígbà tí Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo sì di olú-ìlú, 36 ní 1996. Ọmọ náà ló rí ohun tí èmi, tí mo ti mọ̀ wọ́n lórí láti kékeré, kò kíyè sí rí. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ìbàdàn ni olú-ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Àǹtí, orúkọ ló ń yí padà; Ìbàdàn ò kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní olú-ìlú, ẹ má jẹ́ kó mọ sí àkọ́sórí. Ẹ sọ ẹni tó pín ilẹ̀ náà fún wọn, àti ìgbà tó pín in.

Nígbà tí a délé, ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ "Ìbàdàn" sí abẹ́ èsì tí wọ́n fagi lé. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé: "Ọ̀yọ́ ló ni orúkọ."