Àlejò Ìgbéyàwó Kò Gbọdọ̀ Jókòó sí Yàrá

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ àlejò ìgbéyàwó ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn ibí bá rọlẹ̀ díẹ̀, ni àwọn èèyàn wa máa ń gbé àríyá ìyàwó wá sí Dubai. Wọ́n á ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àti ìdána nílé, wọ́n á wá ní etí òkun ibí ni wọ́n ti fẹ́ jó. Ní ọdún 2022, tí wọn kò fún àwa ọmọ Nàìjíríà ní físà mọ́, tí ọkọ̀ òfuurufú Emirates náà sì dáwọ́ Èkó dúró, nǹkan náà lọlẹ̀. Ṣùgbọ́n Emirates padà sí Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn tó bá sì rí físà gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn, ti tún ń dé. Ta ni wọ́n ń pè kí wọ́n tó kúrò nílé? Àwa tí a wà ní Deira ni. "Ẹ̀gbọ́n, à ń bọ̀ o. Ẹ bá wa mójú tó àwọn àlejò."

Mímójú tó àlejò yìí ju ká bá wọn wá òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ọmọ àbúrò ọkọ mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó níbí. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, Èkó àti Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó wà ní Al Rigga àti Naif, torí pé owó ibẹ̀ mọ níwọ̀n. Àríyá fúnra rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ kan péré ni. Ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn àlejò sì máa lò. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún tó kù ṣe?

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ àti ìyàwó ti ṣètò tiwọn sílẹ̀: ọjọ́ kan nínú aginjù, ọjọ́ kan lókè Burj Khalifa, alẹ́ kan nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti ń jẹun. Nǹkan tó dáa ni, mi ò bá wọn jà. Ọmọdé ló mọ ohun tí ń dùn mọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n fún ti aginjù nìkan, dírámù 150 ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Lójú ẹni tó ń gba owó ibí, kò pọ̀ púpọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó: dírámù ti so mọ́ dọ́là láti ọdún 1997, bí náírà bá ti ń já sílẹ̀ níwájú dọ́là, bẹ́ẹ̀ náà ló ń já sílẹ̀ níwájú dírámù. Ní àsìkò tí à ń wí yìí, dírámù kan ti lé ní náírà 400. Dírámù 150 ti kọjá náírà 60,000 nìyẹn. Náírà 70,000 sì ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024. Ìrọ̀lẹ́ kan lórí iyanrìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó oṣù kan lọ! Èèyàn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó ti san owó físà, tó ti ra aṣọ ẹbí ni wọ́n ń bi léèrè o.

Ní àárọ̀ ọjọ́ aginjù, àìsàn dé lójijì. Orí ń fọ́ àǹtí kan. Ẹsẹ̀ ń dun ẹ̀gbọ́n kan. Òmíràn ní oorun ló ń kun òun. Nígbà tí mo gbé abọ́ ọbẹ̀ mi dé òtẹ́ẹ̀lì, èèyàn mẹ́sàn-án ló jókòó sí yàrá, wọ́n ta kọ́tìnnì, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, kò sí àìsàn kankan. Owó ni kò sí, ojú sì ń tì wọ́n láti wí. Kò sẹ́ni tó bú wọn, kò sẹ́ni tó lé wọn, síbẹ̀ wọ́n ti di ẹni ẹ̀yìn níbi ìyàwó ọmọ wọn.

Màmá wa láti Ìjẹ̀bú wà lára wọn, ìyá tó bí ìyá ìyàwó, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí omi níbí ni? Wọ́n ní etí òkun ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìyàwó. Láti ìgbà tí mo ti dé, ilé gíga nìkan ni mò ń wò."

Mo ní kí gbogbo wọn wọ bàtà. Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ná lọ́jọ́ náà, àti takisí àti tíì, kò ju dírámù 20 lọ. Ẹ jẹ́ kí n to ibi tí a lọ fún yín, kí ẹ̀yin náà lè mú àlejò yín lọ.

Èkíní ni Creek, apá òkun tó wọ àárín ìlú, tó pín Deira níyà sí Bur Dubai. Ẹ mú wọn wọ abra, ọkọ̀ onípákó tó ń gbé bí ogún èèyàn. Dírámù kan péré ni títí dé òdìkejì. Àwọn ìyá oníṣòwò wa gbádùn rẹ̀ gan-an, pàápàá àwọn ọkọ̀ onípákó ńlá tó gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Deira, tí wọ́n ń to táyà àti fíríìjì sínú wọn. Àǹtí tí orí ń fọ́ ló ń bèèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù. Orí ti fò lọ!

Èkejì ni ọjà èròjà ọbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Spice Souk, kò jìnnà síbi tí abra ń gúnlẹ̀ sí ní Deira. Màmá fi imú mọ kànáfùrù kí wọ́n tó fojú rí i. Tùràrí wà níbẹ̀, atalẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀. Wíwò kì í ṣe owó.

Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ọjà wúrà. Òrùka ńlá kan wà níbẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ lé ní kílò 60, gbogbo èèyàn ló ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àlejò yín bá fẹ́ rà, ẹ ṣàlàyé fún un pé iye tí wúrà jẹ́ lóòjọ́ kì í ṣe àṣírí, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á. Owó iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi lé e ni kí ẹ ná. Ẹ bi wọ́n bóyá kárátì 18, 21 tàbí 22 ni, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Owó orí ọjà ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti wà níbí láti 2018, àlejò sì lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú bí ṣọ́ọ̀bù bá wà nínú ètò náà.

Ẹ̀kẹta ni Al Mamzar, ní ìpẹ̀kun Deira, níbi tí ẹ ti máa rí Sharjah ní òdìkejì omi. Nígbà tí a débẹ̀, Màmá dúró, wọ́n wo omi náà títí. Kò ru, kò pariwo, kò rí bí òkun Èkó tó máa ń bínú. Wọ́n ní, "Ṣé òkun nìyí, àbí ọ̀sà?" Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ inú omi dé kókósẹ̀, wọ́n fi ìka kan ẹnu. "Iyọ̀ ni. Òkun ni." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ọmọ ọmọ wọn, wọ́n ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, pé bí omi kò ti í tán nínú òkun, ayọ̀ kò ní tán nílé rẹ̀. Gbogbo wa ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní, "Àdúrà yìí ni mo gbé wá láti ilé. Mi ò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí."

Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wà nínú aginjù lásìkò yẹn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ fún un. Kò jiyàn. Ní kùtùkùtù ọjọ́ ìgbéyàwó, kí àwọn tó ń kun ojú ìyàwó tó dé, ó gbé Màmá sínú takisí, àwọn méjèèjì sì padà lọ sí etí omi náà. Mi ò bá wọn lọ, ọ̀rọ̀ tiwọn ni.

Ẹ̀kẹrin ni Sharjah. Bọ́ọ̀sì E303 ń ti Union lọ síbẹ̀. Ẹ mú wọn lọ wo Blue Souk, tí wọ́n ṣí ní 1978, àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìmọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó wà létí omi. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, gosiló ibẹ̀ kò kéré. Kò sí ọtí títà ní Sharjah rárá, ì báà jẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ tó bo ara dáadáa ni kí wọ́n sì wọ̀.

Àwọn ìkìlọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sílé kí àlejò tó gbéra. Oògùn ìrora bíi tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní codeine, òfin ibí kò fojú kékeré wò wọ́n. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ìjọba ibí ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má bá ẹlòmíràn gbé ẹrù tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kódà bí ó jẹ́ gààrí. Nínú ọkọ̀ ojú irin Metro, ẹ má jẹun, ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Dírámù 100 ni owó ìtanràn. Àyè àwọn obìnrin àtọmọdé wà lọ́tọ̀, kí àwọn bàbá má ṣì í wọ̀.

Ní tèmi, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbà. Àkọ́kọ́, kí àwọn tó ń ṣètò ìgbéyàwó sọ iye owó ìgbádùn kọ̀ọ̀kan kí àlejò tó kúrò nílé, kí oníkálukú mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Èkejì, bí ọjọ́ olówó bá wà nínú ètò, kí ọjọ́ tí kò ná ni ní nǹkan náà wà, kí ìyàwó àti ọkọ sì bá wọn lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a wà ní Deira pín ọjọ́ láàárín ara wa. Mo mọ̀ pé wákàtí méjìlá ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́rin bá yọ̀ǹda ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ti bùṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ á mójú tó aginjù, àwa á mójú tó etí omi.

Ẹni tó bá ti ń retí ìyàwó lọ́dún yìí, kí ó tètè fi tó akọ̀wé létí. Ọlọ́run á jẹ́ ká máa fi ayọ̀ gbàlejò ara wa. Àwọn tí wọ́n ń bọ̀ á dé láyọ̀, wọ́n á sì padà sílé láyọ̀. Àmín.