Ìwé Tí Mo Kọ Nípa Péjò àti Ìjàpá

Ẹ rí ọkọ̀ tí bàbá mi gbé wá ní ọjọ́ àbẹ̀wò. Ẹ̀rín tí ẹ rín yẹn pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọkọ̀ méjì ló wà nílé wa ní Uwasota tẹ́lẹ̀: Péjò 504 ti bàbá mi, àti Volkswagen tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá. Ọdún kan náà, 1975, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn méjèèjì pọ̀ ní Nàìjíríà, Péjò ní Kàdúná, Ìjàpá ní Èkó lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Nígbà ìsinmi, bàbá mi ní a gbọ́dọ̀ ta ọ̀kan, torí owó ilé ìwé èmi àti àbúrò mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ta Péjò. Wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń ṣe físíìsì, kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí n rí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ lé mẹkáníìkì wa kiri. Ẹ́ńjìnnì Péjò wa jẹ́ 1,971 cc, agbára rẹ̀ lé ní ẹṣin 90. Ti Ìjàpá jẹ́ 1,285 cc, ẹṣin 44 péré. Lóòótọ́ Ìjàpá fúyẹ́, bíi kílò 820, Péjò sì tó 1,200. Ṣùgbọ́n ẹ pín in wò: ẹṣin kan nínú Ìjàpá ń fa nǹkan bíi kílò 19, ti Péjò ń fa 13. Tí Ìjàpá bá sá gbogbo eré tó ní, bíi kìlómítà 125 ní wákàtí kan ni. Péjò ń lọ sí 160. Ẹni tó bá ti wà lẹ́yìn tírélà ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ rí, tí ọkọ̀ míì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ọ̀nà yẹn la máa ń gbà lọ sí Ìbàdàn ní Kérésì, àwa mẹ́rin lẹ́yìn, a ó sì sùn dé ilé.

Ibi tí mo fẹ́ fò kọjá ni ọ̀rọ̀ omi. Péjò ní rédíétọ̀, omi rẹ̀ sì máa ń hó tí ó bá jò. Ìjàpá kò ní rárá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, bẹ́líìtì kan ló ń yí fáànù rẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́ gíà. Mẹkáníìkì wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wetin no dey no fit spoil." Mo kọ ìyẹn náà, àmọ́ ìsàlẹ̀ ìwé ni mo kọ ọ́ sí, kékeré báyìí.

Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní mo gbìyànjú. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan wá wo ọkọ̀, ni wọ́n bá mú ìwé mi jáde, wọ́n ń kà á sí i létí lójú mi: 1,971 cc, ẹṣin 90, kìlómítà 160. Wọn ò ka ìsàlẹ̀. Ọkùnrin náà san iye tí wọ́n pè láìjiyàn. Ṣáájú ìgbà náà, owó tí àwọn kan dá lé Ìjàpá kò tó ra táyà mẹ́rin.

Ẹ̀yìn táǹkì omi ni mo lọ sunkún sí. Fún ọjọ́ méjì, "ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ni mo ń bá bàbá mi sọ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ lo ta Péjò yẹn. O ṣeun. Ó sì dùn mí jù ọ́ lọ." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ìjàpá ló gbé mi padà wá síbí. Iwájú ni búùtù rẹ̀ wà, àpótí mi kò wọ̀ ọ́, a so ó mọ́ orí ọkọ̀. Bẹ́líìtì tuntun kan wà lórí ẹsẹ̀ mi títí a fi dé géètì, a ò sì lò ó. Wọ́n ní tí mo bá délé ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí n kọ ti Ìjàpá náà. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.