Nọ́ọ̀tì Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni í máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá rí nọ́ọ̀tì tí a fi ń de ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ a yẹ ẹ́ńjìnì wò, a yẹ táyà wò, a sì béèrè bí ó ti ń mu epo sí. Ṣùgbọ́n ta ni í béèrè ohun tí a fi rọ nọ́ọ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó so ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọkọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo èrò rọ̀ mọ́ wọn.

Ní Abobo, ní apá àríwá ìlú Àbíjàn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Láti ìdájí ni gbákà ti ń kó èrò lọ sí Adjamé. Wọn a sáré, wọn a dúró, wọn a tún sáré. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní ìlú náà, pàápàá àwọn ará Ẹ̀jìgbò, mo sì ní ìbátan kan tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo jókòó tì í, ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ kan wá béèrè nọ́ọ̀tì alumíníọ́mù aláwọ̀ pupa.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje ni ó ń lò ó. Bí ó bá tó wọn, yóò tó èmi náà.”

Ìbátan mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò, ẹni tí ń sáré ìje a máa tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn eré. Ìwọ ńkọ́, nígbà wo ni o tú tìrẹ kẹ́yìn?” Ọmọ náà dákẹ́.

Ìbéèrè yẹn tọ́ sí gbogbo wa. Bí a bá yí nọ́ọ̀tì le, bóòtù a nà díẹ̀, a sì máa fẹ́ sún padà sí ipò rẹ̀. Fífà yìí ni ó ń tẹ rímù mọ́ ìdí rẹ̀ tí kò fi lè mì. Nítorí náà, ohun tí a ń wá lára nọ́ọ̀tì ni pé kí ó di bóòtù mú ṣinṣin nínú òtútù àti nínú ooru.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Bí nọ́ọ̀tì irin líle bá wọn gíráàmù 60, irú rẹ̀ tí a fi títéníọ̀mù ṣe kò ní ju bí 34 lọ, ti alumíníọ́mù kò sì ní ju bí 21 lọ. Nọ́ọ̀tì alumíníọ́mù fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín inú rẹ̀ tètè ń jẹ. Bí ó bá gbóná, a máa fẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bí irin ti ń fẹ̀, agbára rẹ̀ a sì dínkù. Bíréèkì ọkọ̀ ìje a sì máa gbóná kọjá sísọ! Títéníọ̀mù lágbára, kì í sì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n ó wọ́n, eyín rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ ti bóòtù bí a kò bá fi ọ̀rá tí ó yẹ sí i. Irin líle wúwo, a sì máa dógùn-ún bí síńkì tí a fi bò ó bá bó. Síbẹ̀ irin ni bóòtù, irin ni nọ́ọ̀tì, ooru kan náà ni ó ń na àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sáré ìje pàápàá kò fi kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Kí wá ni èrè fífúyẹ́ náà? Lórí nọ́ọ̀tì 20, kò tó kìló kan. Omi inú ìgò ńlá kan tí èrò gbé lọ́wọ́ wúwo jù ú lọ.

Ilẹ̀ Côte d'Ivoire kò ṣàìmọ eré ìje. Láti ọdún 1978 títí di 1992 ni ìdíje ọkọ̀ ilẹ̀ náà fi wà lára ìdíje àgbáyé. Kí ó tó di ìgbà náà, nígbà tí a ń fi orúkọ odò Bandama pè é, ìdíje ọdún 1972 le tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí ọkọ̀ kan kà sí èyí tí ó parí rẹ̀. Ọ̀nà tí ó bá lè fọ́ ọkọ̀ àwọn ògbóǹtarìgì báyìí kì í ṣe ọ̀nà tí a ń fi ẹwà nìkan bá lò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra nọ́ọ̀tì, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìdí rẹ̀ bá ihò rímù mu: òmíràn ṣóńṣó, òmíràn rí roboto, òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ó fi sípánà tí ń wọn agbára yí i dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ fi lélẹ̀, kí ó sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn bí 100 kìlómítà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mú nọ́ọ̀tì kan wọ kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò, kí wọ́n béèrè ohun tí a fi ṣe é àti ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò di awakọ̀ àti mẹkáníìkì lọ́la, gbogbo wọn ni yóò sì di èrò ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti béèrè iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe kí ó tó wo àwọ̀ rẹ̀, ọ̀nà jíjìn kò ní fi bẹ́ẹ̀ ba irú wọn lẹ́rù.