Ẹrù Ni Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Yan Eyín Kẹ̀kẹ́

Àpò omi mẹ́fà ló wà lórí kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà ní Ashaiman, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tema ní Gánà. Ọ̀rá omi 30, oní-ìdajì lítà, ló ń wà nínú àpò kan. Kílò 15 nìyẹn. Àpò mẹ́fà wá di kílò 90. Orúnkún ti ń dùn ún láti bí oṣù méjì. Ìyàwó rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé, “Bàbá wọn, tí ẹsẹ̀ yẹn bá kọṣẹ́, kí la máa fi san owó iléèwé?”

Ó kó owó tó tù jọ, ó gba ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Jíà púpọ̀ ni mo fẹ́, bíi ti kẹ̀kẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré.”

Bàbá kò dáhùn. Ó ka eyín tó wà níbi tí wọ́n ti ń wa kẹ̀kẹ́, ó jẹ́ 44. Ó ka ti ẹ̀yìn, ó jẹ́ 18.

Ó ní, “Tí ẹsẹ̀ rẹ bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì àbọ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Tí a bá fi eléyín 22 sẹ́yìn, táyà á yí lẹ́ẹ̀mejì péré. Wàá rọra lọ, ṣùgbọ́n agbára tí wàá máa lò á dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi.”

“Jíà púpọ̀ ńkọ́?”

“Ṣéènì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tó lè yẹ̀ lára rẹ̀ sì pọ̀. Ta ló máa bá ọ tún un ṣe lójú ọ̀nà, tí omi wà lórí kẹ̀kẹ́?”

Bàbá wá fi rúlà wọn ṣéènì. Ìdajì íǹṣì ló máa ń wà láàárín ìṣó kan sí èkejì, nítorí náà, àlàfo 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 12 géérégé. Tó bá ti fi ìdá kan nínú 16 íǹṣì lé e, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ṣéènì. Ti ọkùnrin yìí ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ṣéènì náà ti jẹ eyín iwájú àti tẹ̀yìn. Tí wọ́n bá fi tuntun sórí eyín tó ti jẹ, ńṣe ni á máa fò.

Wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Kò wọ́n tó jíà púpọ̀ tó ń fẹ́. Ó kó owó tó kù fún ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́ orí kẹ̀kẹ́ fò kọjá lára rẹ̀ níbi òkè. Kò bá wọn díje. Ó rọra wà á dé òkè, kò sọ̀ kalẹ̀ tì í.